Ilé wíwò ẹ̀ṣẹ́ ní Kétu, àti pátákó tí wọ́n fi ń to àwọn ọ̀gá abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò

Ẹ̀yin ará Kétu, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Mẹ́kọ tàbí tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ láti Pobè, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́, ilé wíwò kan wà lọ́nà tó lọ sí Ìlárá tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ilé onípáànù ni, wọ́n kun ògiri ẹ̀ ní búlúù, ẹ sọ fún oní-zẹ́mì èyíkéyìí, ìyẹn ọlọ́kadà, pé ibi tí wọ́n ti ń wo ẹ̀ṣẹ́ lẹ̀ ń lọ, á gbé yín débẹ̀. Láwọn ọjọ́ yòókù bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi hàn bíi ti gbogbo ilé wíwò tó kù nílùú, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ mi, àlẹ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Lálẹ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ìṣáà, ìjà àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó wúwo jù lágbàáyé ni ọ̀gá tó ni ibẹ̀ máa ń fi hàn, àwọn ìjà àtijọ́, látorí agogo àkọ́kọ́ títí dé ìparí, kò ní gé nǹkan kan kúrò. 200 CFA lowó ìwọlé, ọmọdé 100. Fún ohun tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, owó yẹn kéré gan-an.

Ohun tó mú ibẹ̀ yàtọ̀ ni pátákó dúdú kan tó gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwòrán ti ń hàn, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwé. Orúkọ mẹ́wàá ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ síbẹ̀, ẹni kìíní dé ẹni kẹwàá, àwọn tó gbà pé wọ́n dáa jù nínú gbogbo abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó wúwo látìgbà tí ayé ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Bí ìjà bá ti parí á tan iná, á ní ẹni tó bá lọ́rọ̀ kó sọ ọ́, àlàyé ẹni tó bá múná dóko, á mú dọ́sítà á nu orúkọ kan nù á gbé e sókè tàbí kó fà á wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnì kan lè sọ̀rọ̀ lálẹ́ kan, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ sọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bú ẹnì kejì ẹ̀. Òfin yẹn dáa púpọ̀ torí mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ Tyson àti Ali ti di ìjà gidi láàárín àwọn tó ń wò.

Bí pátákó yẹn ṣe wà nísinsìnyí nìyí: Muhammad Ali ló wà lókè, George Foreman tẹ̀ lé e, Mike Tyson ìkẹta, Joe Louis ìkẹrin, Rocky Marciano, Larry Holmes, Joe Frazier, Evander Holyfield, Lennox Lewis ìkẹsàn-án, Jack Johnson ló gbẹ̀yìn. Mi ò fara mọ́ ọn o, mo sì ti sọ ọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, màá sọ ìdí ẹ̀ níbí náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ibẹ̀ fún ohun tó yẹ ká yìn ín fún.

Odindi ìjà lẹ máa wò. Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ni pé orí fóònù ni wọ́n ti mọ gbogbo àwọn èèyàn yìí, wọ́n á gé ìjà wákàtí kan sí ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ṣẹ́ kan, ẹnì kan balẹ̀, ó tán, ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ bá ti dún jù ni wọ́n á wá ní ó dáa jù. Ẹ wo ìjà Ali àti Foreman ní Kinshasa, 30 oṣù kẹwàá ọdún 1974. Gbogbo ayé ló mọ bí ráùndì kẹjọ ṣe parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ńṣe ni Ali kàn fẹ̀yìn ti okùn látìbẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ kí Foreman máa lù ú títí ó fi rẹ ẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ wo ráùndì kìíní dáadáa, Ali ló ń wọlé tọ Foreman lọ, ọwọ́ ọ̀tún ló sì ń fi gbá a lójú láìfi òsì ṣíwájú, ohun táwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ kì í sábà ṣe torí ọ̀tún jìn, bó bá tàsé ìhà ẹ á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Foreman ò retí ẹ̀ rárá. Ráùndì kejì ló tó wá lọ sídìí okùn, ó fi apá méjèèjì bo orí àti ìhà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bí ráùndì kọ̀ọ̀kan bá sì ti fẹ́ parí á jáde wá lójijì á fi mẹ́ta mẹ́rin bọ̀ ọ́ lójú kí agogo tó dún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ráùndì karùn-ún apá Foreman ti wúwo, ẹ ẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín, ẹ máa fojú ara yín rí i pé ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ń falẹ̀, ó ń tì í ni, kò gbá a mọ́. Ẹ rántí pé ẹni ọdún 25 ni Foreman nígbà yẹn, ó ti ja ogójì ìjà tí kò sẹ́ni tó nà án, 37 nínú wọn ni kò dé ìparí. Ali ti pé 32.

Ohun míì tó tún dùn níbẹ̀ ni pé Faransé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ fídíò yẹn, ọ̀gá yìí á wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á máa fi Yorùbá ṣàlàyé, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í pariwo. Á ní kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ ẹni báyìí, kẹ́ ẹ má wo ọwọ́, á ní kẹ́ ẹ wo bí Holmes ṣe ń fi òsì na èèyàn lójú kó tó gbérò ohunkóhun. Bàbá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú sọ fún wa pé rédíò lòun fi gbọ́ ìjà Kinshasa yẹn, torí aago wọn àti aago tiwa kan náà ni, nǹkan bí aago mẹ́rin òru ni wọ́n jà á, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun àsùbáà. Dahomey ni orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ nígbà náà, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ Kérékou tó yí i padà sí Bénin. Bàbá ní àwọn ò lè sùn mọ́. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kọ́ lẹ máa gbọ́ lórí fóònù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ pátákó.

Èmi ò gbà pé iye ẹni téèyàn nà sílẹ̀ la fi ń to wọn, mi ò sì gbà pé ẹni tí wọn ò nà rí ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi: ta lo bá jà, àti pé nígbà tí wọ́n nà ẹ́ tàbí tí wọ́n gbé ẹ ṣánlẹ̀, kí lo ṣe lẹ́yìn náà? Bẹ́ ẹ bá fi méjèèjì yìí wọn Ali, kò sẹ́ni tó máa bá a du ipò kìíní. Frazier nà án ní 1971, ó nà án padà ní 1974, ó tún nà án ní Manila ní 1975. Norton nà án tó sì fọ́ ọ lágbọ̀n ní 1973, ọdún yẹn náà ló gbẹ̀san. Leon Spinks gba bẹ́líìtì ọ̀gá àgbáyé lọ́wọ́ ẹ̀ ní oṣù kejì 1978, ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn náà ó gbà á padà. Àwọn tó nà án lẹ́yìn ìyẹn, Holmes àti Berbick, ara ẹ̀ ti lọ, gbogbo wa la mọ̀. Kẹ́ ẹ tún rántí pé láti 1967 títí di 1970 wọn ò jẹ́ kó jà rárá torí ó kọ̀ láti lọ sógun Vietnam, láti ọmọ ọdún 25 sí 28, ìgbà tí agbára èèyàn pọ̀ jù. Liston ló nà, Foreman ló nà, Frazier ló nà. Ta ló tún fẹ́ mú irú orúkọ báwọ̀nyí wá?

Joe Louis ló yẹ kó tẹ̀ lé e, ipò kẹrin tí wọ́n fi í sí yẹn ń dùn mí. Láti 1937 dé 1949 ló fi wà lórí oyè, ìgbà 25 ló fi bẹ́líìtì ẹ̀ dù tó sì gbé e lọ sílé, títí dòní kò tíì sí abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó wúwo tó bá a dé iye yẹn. Àwọn èèyàn á ní àwọn kan nínú wọn ò dáa tó. Bóyá. Àmọ́ ẹ wo ti Schmeling, ọmọ Jámánì. Schmeling gbé Louis ṣánlẹ̀ ní ráùndì kejìlá ní 1936, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa nà án. Louis di ọ̀gá àgbáyé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní ọ̀gá títí òun á fi bá ọkùnrin yẹn jà padà. 22 oṣù kẹfà 1938, nílùú New York, ó nà án láàárín ìṣẹ́jú méjì ó lé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Àwọn Nazi tó ń ṣèjọba Jámánì ti ń fi Schmeling yangàn, gbogbo Amẹ́ríkà, dúdú àti funfun, ló gbára lé ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ́jọ́ náà, àwọn ìlú tí ò jẹ́ kó jẹun nílé oúnjẹ wọn náà gbára lé e. Ní 1942 ó ja ìjà méjì tó fi owó ẹ̀ tọrẹ fáwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ẹ̀, ó wá di pé owó orí ni ìjọba ń lé e kiri lé lórí nígbà tó dàgbà. Àwòrán ìjà Schmeling yẹn ò mọ́ tó bó ṣe hàn lára ògiri, dúdú àti funfun ni, ó ń fò, ṣùgbọ́n nígbà tí Louis gbá ọkùnrin yẹn ní ìhà tó sì ké, gbogbo ilé dákẹ́.

Tyson ní ipò kẹta? Rárá. Mo fẹ́ràn Tyson, ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ràn láti máa wo Tyson láàárín 1986 sí 1988 irọ́ ló ń pa. Ọmọ ogún ọdún àti oṣù mẹ́rin ló wà tó fi na Berbick tó di ọ̀gá, kò sẹ́ni tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀, Michael Spinks tí wọn ò nà rí, ìṣẹ́jú àáyá 91 ló lò pẹ̀lú ẹ̀. Orí ẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ ẹ̀ yá, ọwọ́ méjèèjì ló ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn ìbéèrè mi kejì. Buster Douglas nà án ní Tokyo ní 1990, kò bá a jà mọ́. Holyfield dá a dúró ní ráùndì kọkànlá ní 1996, nígbà tí wọ́n pàdé padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e etí ló gé jẹ, wọ́n lé e kúrò. Lewis gbé e ṣánlẹ̀ ní 2002. Àwọn mẹ́ta tó nà án lójú gbogbo ayé, kò sí ọ̀kan tó nà padà. Báwo lẹ ṣe wá fi í sípò kẹta tẹ́ ẹ sì fi Holyfield, ẹni tó nà án lẹ́ẹ̀mejì, sípò kẹjọ, tẹ́ ẹ fi Lewis sípò kẹsàn-án? Mo bi ọ̀gá yẹn. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ló dìbò fún un. Mo ní kò burú, àmọ́ ìwọ lo mọ ẹ̀ṣẹ́ jù níbí, ìwọ ló yẹ kó fi ìjà Lewis hàn wọ́n.

Torí ọ̀rọ̀ Lewis ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin gíga, kì í pariwo, kò lérìn-ín ẹ̀gàn, àwọn èèyàn ò sì fẹ́ràn ẹ̀ tó. Ẹni méjì péré ló nà án láyé ẹ̀, Oliver McCall ní 1994 àti Hasim Rahman ní South Africa ní 2001, ó pàdé àwọn méjèèjì padà ó sì nà wọ́n kí wọ́n tó dé ìparí. Òun àti Holyfield kọ́kọ́ jà wọ́n ní ọgbọọgba ni, tí ọ̀pọ̀ tó wò ó sọ pé Lewis ló borí, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀ ní 1999 ó nà án ó kó gbogbo bẹ́líìtì. Nígbà tó máa fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ ní 2004, kò sí ẹni kan tó bá jà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ tí kò tíì nà rí. Ẹni mélòó nínú àwọn tó wà lórí pátákó yẹn lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn? Marciano nìkan. Tèmi, ipò kẹta tàbí ìkẹrin ni Lewis.

Marciano náà, àwọn tó ń sọ pé òun ló yẹ kó wà lókè torí 49 ló jà tí kò sẹ́ni tó nà án, mo gbọ́ wọn. Ọkàn ẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ní 1952 Jersey Joe Walcott gbé e ṣánlẹ̀ ní ráùndì kìíní, Walcott ló ń borí nínú ìwé gbogbo adájọ́ títí wọ́n fi dé ráùndì kẹtàlá, ìgbà yẹn ni ọ̀tún kan ṣoṣo yí gbogbo ẹ̀ padà. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ orí wọn: Walcott jẹ́ ẹni ọdún 38, Louis tó nà ní 1951 jẹ́ 37, irun ti ń já lórí ẹ̀. Ta lo bá jà, ìbéèrè yẹn ló fà á wálẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Foreman yẹ níwájú, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò kejì ti pọ̀ jù. Ó gbé Frazier ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà nínú ráùndì méjì ní Jamaica ní 1973. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ ní 1977, ó lọ di oníwàásù, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ó padà wá, wọ́n ní ó ti sanra jù, ó ti dàgbà jù. Ní oṣù kọkànlá 1994, ogún ọdún gbáko lẹ́yìn Kinshasa, ó pé ẹni ọdún 45, Moorer tó wà lórí oyè nígbà náà ń borí ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ní ráùndì kẹwàá ó fi ọ̀tún kúkúrú kan gbé e sùn. Ọ̀gá fi odindi ẹ̀ hàn wá lọ́sẹ̀ tí wọ́n kéde pé Foreman kú, ní oṣù kẹta 2025. Mo rí àwọn àgbà ọkùnrin tó ń nu ojú. Holmes ni màá fi tẹ̀ lé Foreman àti Lewis, torí òsì ẹ̀ yẹn, àti torí bó ṣe dìde lọ́jọ́ tí Shavers gbé e lulẹ̀ ní 1979, kò sẹ́ni tó rò pé ó máa dìde. Lẹ́yìn ẹ̀ Frazier, Marciano, Holyfield. Jack Johnson ló kọ́kọ́ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó gba oyè yìí, ní Sydney ní 1908, ìyà tó sì fi jẹ Jeffries, òyìnbó tó ti jẹ ọ̀gá rí, ní 1910 dá rògbòdìyàn sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nígbà tó dórí oyè kò gbà kí Sam Langford, dúdú bíi tiẹ̀, bá a jà mọ́, ìyẹn ni mo fi kọ̀ láti gbé e ga ju ìkẹsàn-án lọ. Tyson, ìkẹwàá.

Kí n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ náà. Bẹ́ǹṣì onípákó ló pọ̀ jù, ó ń dun ìdí, ìjà Ali àti Frazier ní Manila lọ dé ráùndì kẹrìnlá o, ẹ mú aṣọ dání tẹ́ ẹ máa fi tẹ́ ẹ. Àga rọ́bà tó wà lẹ́yìn ò tó nǹkan, ẹni tó bá tètè dé ló ń jókòó sí i. Ooru máa ń mú gan-an torí fáàn méjì péré ló wà. Bí iná bá lọ ẹ̀rọ amúnáwá wà, àmọ́ ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n gbé e sí, ẹ ẹ̀ ní gbọ́ àlàyé ọ̀gá dáadáa, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ìjà Tyson tún ti pọ̀ jù nínú ohun tó ń fi hàn, mo mọ̀ pé òun ló ń mú èrò wá, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń hàn ní gbogbo ìgbà, àwọn ọmọ ò ní mọ ẹlòmíì. Ìyá kan ń ta wàrà díndín lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀kọ àti ata tó gbóná janjan, ẹ ra tiyín kẹ́ ẹ tó wọlé torí kó tó di pé ìjà parí wàrà á ti tán.

Ohun tó kù tí mò ń bá ọ̀gá fà ni ti àwọn tòde òní. Wladimir Klitschko ò sí lórí pátákó, mo gbà. Ṣùgbọ́n Usyk ńkọ́? Ó ti kó gbogbo bẹ́líìtì àwọn tó fúyẹ́ díẹ̀ jọ kó tó gòkè, ó na Joshua ọmọ Ṣágámù lẹ́ẹ̀mejì, ó na Fury lẹ́ẹ̀mejì ní 2024, ó na Dubois ní Wembley ní oṣù keje 2025, gbogbo wọn ló ga jù ú lọ tí wọ́n sì wúwo jù ú lọ, ilé wọn tàbí ilẹ̀ òkèèrè ló sì ti ń bá wọn jà. Ọ̀gá ní òun ò ní kọ orúkọ ẹni tó ṣì ń jà. Mo ní kó fi ìjà àkọ́kọ́ Usyk àti Fury hàn, kó má gé ráùndì kẹsàn-án o, ká wá gbọ́ ohun tí àwọn àgbà máa sọ. Ó ti gbà, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ àga rọ́bà kó tètè wá.